Kí Òkú Fúnra Rẹ̀ Wá Béèrè

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹjọ́ kan ti jókòó sí ààfin de àwọn ìgbìmọ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bọ́jú. Ẹjọ́ ọ̀hún wọ sálúbàtà, ó ki ìyarun bọ irun orí rẹ̀ bí ẹni tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò fẹ́ omi, kò fẹ́ àga, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun pé kí òun ní sùúrù. Ìyá Onídìrí ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń dirun fún àwọn obìnrin ìlú débi pé kò sí àṣírí tí kò tíì gba àárín ìka rẹ̀ kọjá. Àṣírí ilé tiwọn gan-an ni kò mọ̀, ohun tó sì gbé e wá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ni arúgbó náà jẹ́ fún àwọn òbí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ara ṣì le. Àfi bí ọjọ́ ogbó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jí iyè rẹ̀ kó, tó di pé kò mọ oṣù, kò mọ ọjọ́, tó wá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń na ọwọ́ sí títì, tó ń ké pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró dè mí! Ẹ má sáré bẹ́ẹ̀!”

“Màmá, ẹ̀gbọ́n wo?” ni Ìyá Onídìrí máa ń bi í.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni. Àbí o ò mọ ẹ̀gbọ́n mi ni?” Arúgbó á sì wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́.

Tó bá pe ẹ̀gbọ́n ọ̀hún títí tí kò rí i, ẹkún ló máa ń sun, kò sì ní í fẹnu kan oúnjẹ. Gbogbo àgbà tí Ìyá Onídìrí ì bá bi léèrè ló ti kú. Ó wá ku ibì kan ṣoṣo tí wọn kì í ti í gbàgbé èèyàn: yàrá àkọsílẹ̀ ìlú, níbi tí orúkọ ẹni tí wọ́n bí, ẹni tó gbéyàwó àti ẹni tó kú wà láti ayé àwọn baba ńlá. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá á lọ jókòó, wọ́n á gbé ìwé síwájú rẹ̀, á sì wò ó tẹ́rùn. Ẹnikẹ́ni kì í bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Nígbà tí Kábíyèsí jókòó tán, tí àwọn ìgbìmọ̀ náà fìdí lélẹ̀, tí àgbà ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Mo-ń-gbọ́ sì ti ń sùn ní tirẹ̀, wọ́n ní kí obìnrin náà sọ̀rọ̀.

“Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń bá ìyá mi wá. Mo dé yàrá àkọsílẹ̀, mo bá àgádágodo tó tóbi tó orí ọmọ tuntun lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo kan ilẹ̀kùn títí, ọkùnrin yìí, olùṣọ́ ibẹ̀, wá yọjú lójú fèrèsé. Mo ní mo fẹ́ mọ iye ọmọ tí ìyá tó bí ìyá mi bí. Ó ní kí ìyá tó bí ìyá mi fúnra rẹ̀ wá béèrè.”

“Ṣé ó wà láyé ni?”

“Ó ti kú kí n tó gbọ́njú, Kábíyèsí.”

“Ṣé o sọ fún un bẹ́ẹ̀?”

“Mo sọ fún un. Ó bá mi kẹ́dùn gan-an. Kódà ó ṣí fìlà. Ó ní tí òkú ọ̀hún ò bá lè wá, kó kọ lẹ́tà.”

Ẹ̀rín sọ láàfin. Bàbá Mo-ń-gbọ́ ta gìrì. “Mo ń gbọ́,” ló wí, ó sì padà sẹ́nu oorun.

“Mo ní lẹ́tà báwo?” ni Ìyá Onídìrí ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Ó ní kó fọwọ́ sí i, kó sì fi àwòrán pélébé méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà kún un. Ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, Kábíyèsí!”

Kábíyèsí yíjú sí olùjẹ́jọ́. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìdí rẹ̀ pọ̀ débi pé etí ló kọ́kọ́ máa ń rí i kí ojú tó rí i. Ó ti ń ṣọ́ yàrá àkọsílẹ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ó dìde, gbogbo ara rẹ̀ dún wọnranwọnran.

“Ṣé òótọ́ ni obìnrin yìí sọ?”

“Irọ́ gbuu ni, Kábíyèsí. Àwòrán mẹ́ta ni mo béèrè.”

“Kí lo fẹ́ fi àwòrán òkú ṣe?”

“Kí n lè mọ̀ pé òun ni. Kábíyèsí, ayé ti bàjẹ́. Olè lè jí orúkọ òkú lò. Òkú kò sì ní agbẹjọ́rò, èmi ni agbẹjọ́rò wọn. Tí wọ́n bá ń ka ọ̀rọ̀ alààyè káàkiri, alààyè á bínú. Òkú ò lè bínú mọ́, èmi ni mo ń bá wọn bínú.”

“Ṣé òkú kan ti wá fẹjọ́ sùn ọ́ rí?”

“Wọn ò wá rí o. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n fọkàn tán mi.”

Ìyá Onídìrí ò lè pa á mọ́ra mọ́. “Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í. Ẹni tó fẹ́ jí orúkọ, ṣé ó máa wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lójú gbogbo ayé, kó kọ́kọ́ kọ orúkọ tirẹ̀ sínú ìwé àlejò kó tó jí tẹlòmíràn? Olè wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Olè tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé,” ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ dáhùn.

“Ta ló ṣe òfin pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn?” Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ló béèrè bẹ́ẹ̀.

“Ọ́fíìsì wa ni.”

“Ta ló wà nínú ọ́fíìsì yín?”

“Èmi nìkan ni, ẹ̀yin àgbà.”

“Ṣé ẹ ṣèpàdé lórí ẹ̀?”

“A ṣèpàdé dáadáa. Mo dá àbá, mo kín in lẹ́yìn, mo wá bi ìjókòó bóyá ẹnikẹ́ni takò ó. Ẹnikẹ́ni ò fọhùn.”

Kábíyèsí bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó wo ọkùnrin náà bí ẹni tó ń wò ó bóyá ìgò ló ń tan òun. Ó ní kí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ mú ẹlẹ́rìí rẹ̀ wá.

Káfíńtà kan bọ́ síwájú, ó fi pẹ́ńsùlù há etí. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

“Kábíyèsí, kí wọ́n má ṣí ilẹ̀kùn yẹn láéláé. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ba ayé mi jẹ́. Bíríkìlà kan wà ní òpópó wa. Láti ìgbà tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. ‘Ẹ kúùrọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kúuṣẹ́, ẹ̀gbọ́n.’ Mo máa ń rán an níṣẹ́, ó máa ń jẹ́ ẹ. Ayé dùn. Ló bá di ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ lọ wá orúkọ bàbá bàbá òun nínú ìwé. Ó délé, ó dúró síwájú mi, ó kó ọwọ́ sí àpò, ó ní, ‘O kú ìjókòó.’ O! Kábíyèsí, ‘o’ ló sọ!”

“Kí ló dé tó fi sọ ‘o’?”

“Ó ní òun rí orúkọ àwa méjèèjì. Ó ní òun fi ọdún méjì jù mí lọ.”

“Ṣé òótọ́ ni?”

Káfíńtà yọ pẹ́ńsùlù létí, ó tún un há etí kejì. “Òótọ́ kọ́ ni mo bá wá síbí, Kábíyèsí. Ìrora ni.”

Bíríkìlà fúnra rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó wá jẹ́rìí fún Ìyá Onídìrí. Kò dúró kí wọ́n pe òun. “Kábíyèsí, mi ò bá a jà. Ohun tí mo sọ fún un ò ju pé kó dá gbogbo ‘ẹ’ mi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà.”

“Báwo ló ṣe máa dá a padà?”

“Kó máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀kan náà. ‘Ẹ kúùrọ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n.’ Ọ̀kan fún òní, ọ̀kan fún gbèsè.”

“Ẹ gbọ́ fúnra yín!” ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ pariwo. “Ohun tí ìwé ń dá sílẹ̀ nìyẹn! Ìlú tòrò nígbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ nǹkan kan.”

“Ìlú ò tòrò,” ni bíríkìlà wí. “Èmi ni mò ń jíṣẹ́ fún àbúrò mi.”

Kábíyèsí yíjú sí káfíńtà. “Ó dájú pé o lọ sí yàrá náà láti wò ó bóyá òótọ́ ni. Kí ni wọ́n sọ fún ọ pé ó jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn?”

“Wọ́n ní èkúté ni, Kábíyèsí. Wọ́n ní èkúté ń jẹ ìwé.”

“Èkúté kẹ̀?” ni bíríkìlà wí. “Èmi tí mo lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òrùlé tó ń jò ni wọ́n sọ fún mi. Mo ní kí n gun òkè lọ tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní rárá, jíjò rẹ̀ ò tíì pọ̀ tó.”

Wọ́n wá pe ìyàwó Bàbá Kọ́kọ́rọ́. Aránṣọ ni, obìnrin jẹ́jẹ́, abẹ́rẹ́ méjì wà ní àyà aṣọ rẹ̀. Olùjẹ́jọ́ ló pè é kó wá gbè é lẹ́yìn, ó sì ń mi orí sí i kó tó la ẹnu.

“Ìyàwó, kí lọkọ rẹ sọ fún ọ pé ó jẹ́ kó ti yàrá náà?”

“Wọ́n ní wọ́n fẹ́ kùn ún ní ọ̀dà, Kábíyèsí.”

Kábíyèsí rọra ka ìka rẹ̀. “Òkú. Èkúté. Òjò. Ọ̀dà. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ìdí mẹ́rin. Bàbá Kọ́kọ́rọ́, mi ò bá ọ jà. Nígbà tí a tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ìwọ alára, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?”

“Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, Kábíyèsí.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Wọ́n kọ ọ́ sí…” Bàbá Kọ́kọ́rọ́ dákẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀ náà dákẹ́. Ìyá Onídìrí, tó ti ń wá ọ̀nà láti fìyà jẹ ọkùnrin yìí láti àárọ̀, rí i pé ó ń fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́kọ́rọ́ náà mú kí wọ́n má baà dún.

“Ẹ sọ ọ́, Bàbá,” ni ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. “Ẹ jẹ́ kó jáde. Ó ti fẹ́ pa yín.”

“Mi ò sí níbẹ̀,” ni ọkùnrin náà wí.

“Níbo?”

“Nínú ìwé, Kábíyèsí. Mo mọ ojú ewé tí gbogbo ẹ̀yin tó wà níbí yìí wà. Mo mọ ti Kábíyèsí. Mo mọ ti káfíńtà, ọdún méjì ni bíríkìlà fi jù ú lọ lóòótọ́. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi ní olùkọ́ òun ní káwọn kọ orúkọ àwọn tó bí àwọn wá sílé ìwé. Mo rín ẹ̀rín. Mo ní ẹni tó yẹ kí o bi nìyí. Mo ṣí ìwé ọdún tí ìyá mi sọ pé òun bí mi, mi ò rí ara mi. Mo ṣí ti ọdún tó ṣáájú. Mo ṣí ti ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo tú gbogbo pẹpẹ.” Ó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. “Kò sí. Ẹni tó ń ṣọ́ orúkọ gbogbo ìlú, ìlú ò kọ orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀. Mo wá ń rò ó pé lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, ọwọ́ á dilẹ̀ fún un, á ní, ‘Ẹ jẹ́ n wo ti Bàbá Kọ́kọ́rọ́ náà.’ Ni mo ṣe lọ ra àgádágodo.”

Àánú ṣe Ìyá Onídìrí, inú sì tún bí i, àwọn méjèèjì jọ dé bákan náà, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó rántí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó na ọwọ́ sí títì.

“Bàbá,” ló wí, “tí orúkọ yín ò bá sí níbẹ̀, ṣé ìyẹn ni kí tiwa náà má ṣe sí?”

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ń fi ọwọ́ yí kọ́kọ́rọ́ kan ní ìdí rẹ̀.

“Ta ló sì sọ fún yín pé kò sí níbẹ̀? Ojú yín méjì péré lẹ fi wá a. Bóyá ìyá yín sọ orúkọ mìíràn fún akọ̀wé. Bóyá akọ̀wé ń tòògbé. Ẹnì kan lè máa wá bàbá bàbá tirẹ̀, kó kọsẹ̀ lára yín. Ẹ̀yin lẹ wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ì bá bá yín rí i. Àwọn òbí wa ló gbé wa lọ síwájú akọ̀wé, tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ bí a ṣe jẹ́. Wọn ò ní kí akọ̀wé lọ fi í pa mọ́ fún wa. Ẹni tí a ní kó bá wa gbé ẹrù dání kì í ṣe ẹni tó lẹrù.”

“Mo ń gbọ́,” ni Bàbá Mo-ń-gbọ́ wí, lọ́tẹ̀ yìí ojú rẹ̀ là díẹ̀.

Kábíyèsí àti àwọn ìgbìmọ̀ forí korí. Wọn ò pẹ́. Kábíyèsí na ara rẹ̀ tán lórí àga.

“Ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi. Bàbá Kọ́kọ́rọ́, òfin tìrẹ ni mo máa fi dá ẹjọ́ rẹ, kí o má baà sọ pé mo fi òfin ẹlòmíràn rẹ́ ọ jẹ. Ìwọ lo ní kí ẹni tó bá ń wá orúkọ fúnra rẹ̀ wá. O ti fúnra rẹ wá. A wò ọ́, a rí ọ. Ìwé ò mọ̀ ọ́. Ẹni tí ìwé ò mọ̀ kò tíì dáyé. A sì rí i pé o dáyé, o dúró síbí. Ó já sí pé àárọ̀ yìí la bí ọ.”

“Kábíyèsí!”

“Ọmọ tuntun kì í dá ọba lẹ́nu. Láti ìsinsìnyí, ìwọ ló kéré jù nínú ìlú. Ọmọ tó ń rá kòrò jù ọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ‘ẹ’ fún ọ. Ìwọ lo máa sọ ‘ẹ’ fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá sì fẹ́ rán ọ níṣẹ́, kó rán ọ.”

“Ta ló bímọ?” ni Bàbá Mo-ń-gbọ́ béèrè.

“Àwa ni, Bàbá,” ni ẹni tó jókòó tì í dáhùn.

“Ọkùnrin ni àbí obìnrin?”

Káfíńtà ti nàró. “Kábíyèsí, ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í rán an níṣẹ́ báyìí?”

“Jókòó. Ìwọ tí o gba ‘ẹ’ tí kì í ṣe tìrẹ. Máa pe bíríkìlà ní ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe wí, títí ọ̀rọ̀ náà á fi rọ̀ ọ́ lẹ́nu.”

Ìyàwó Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gbọ́wọ́ sókè. “Kábíyèsí, ṣé èmi náà gbọdọ̀ sọ ‘o’ fún un?”

“Ṣé kò ti máa ń ṣe ọ́ bí ẹni pé kí o sọ ọ́ ni?”

“Ó pẹ́ tó ti ń ṣe mí, Kábíyèsí.”

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wólẹ̀ pátápátá. “Títí di ìgbà wo, Kábíyèsí? Ẹ gbà mí. Títí di ìgbà wo?”

“Ilẹ̀kùn yẹn á ṣí lónìí. Àgádágodo á máa gbé lọ́dọ̀ mi níbí. Ẹni tó bá tún fẹ́ fi tì í, kó kọ́kọ́ lọ kó gbogbo ìlú jọ, kó bi wọ́n léèrè. Kì í ṣe ìpàdé ẹnì kan. Gbogbo ẹni tó bá wá wá ìdílé rẹ̀, ìwọ lo máa bá a wá a. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá rí èèyàn rẹ̀ gbà, tí o sì fojú ara rẹ rí i pé wọ́n pàdé, a ó fi ọdún kan kún ọjọ́ orí rẹ. Lọ́jọ́ tó bá pé mẹ́tàlélọ́gọ́ta, wá gba ‘ẹ’ rẹ.”

Bí wọ́n ṣe túká nìyẹn.

Ìyá Onídìrí ò padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ̀ lé kọ́kọ́rọ́ tó ń dún wọnranwọnran títí dé yàrá àkọsílẹ̀. Eruku ti bo bẹ́ǹṣì. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ fi apá aṣọ ara rẹ̀ nù ún, ó ní, “Ẹ jókòó, màmá.” Ẹnu kọ́kọ́ wúwo fún un, ó sì bi í ní orúkọ ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ó gun àkàbà, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìwé kan tó fẹ̀ bí ojú tábìlì. Ó ń fi ìka tọ́ ojú ewé bí ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Ìka náà dúró.

“Ẹ wò ó, màmá. Ìyá kan náà, bàbá kan náà. Obìnrin. Ó fi ọdún mẹ́rin ṣáájú ìyá yín.”

Ìyá Onídìrí wo orúkọ náà. Kò gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀. Yíǹkì rẹ̀ ti ṣá, àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ fara balẹ̀ kọ ọ́. Ó fi ìka kàn án, ó sì tètè mú ìka kúrò kó má baà pa á rẹ́.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti lọ, ó ti dé. Ìwé ìgbéyàwó ló gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. “Ó fẹ́ awakọ̀ ojú omi kan. Ìlú tó wà ní òdìkejì odò ni wọ́n kọ síbí pé wọ́n kó lọ.” Ó tún gun àkàbà, ó pẹ́ díẹ̀ lókè. “Mo wo ìwé ikú tiwa. Kò sí níbẹ̀. Ti òdìkejì odò ni mi ò mọ̀. Màmá, tó bá jẹ́ èmi ni yín, lọ́la ni màá wọ ọkọ̀.”

“Ẹ ṣé gan-an, sà,” ni Ìyá Onídìrí wí. Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́. “Ọmọ òòjọ́ ni mí, màmá. ‘O ṣé’ ni kí ẹ sọ.”

“O ṣé,” ló wí, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà nira fún òun ju bóun ṣe rò lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá. Kò ṣòro rárá. Ẹni àkọ́kọ́ tó bi léèrè létí odò ní, “Ìyàwó awakọ̀ ojú omi? Ilé aláwọ̀ búlúù yẹn ni. Ẹ múra sílẹ̀ o, wọ́n máa ń jà.” Ó bá arúgbó kan tó gùn, tó gbẹ, tó ń bá adìyẹ wí nínú ọgbà. Nígbà tó sọ ọmọ ẹni tó jẹ́, arúgbó náà fi adìyẹ sílẹ̀.

“Ṣé ó ṣì ń bínú nítorí aṣọ yẹn?” ló béèrè níkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ ò ju aṣọ kan lọ. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ń relé ọkọ, ó wọ aṣọ tí àwọn méjèèjì jọ ni, ó gbé e lọ. Àbúrò sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ títí dé òpin títì, ó ń ké pé kó dúró. Kò dúró. Àbúrò padà sílé, ó ní láti òní lọ òun ò ní ẹ̀gbọ́n mọ́, ó sì di ìbúra náà mú títí ó fi gbàgbé pé ìbúra ni.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀gbọ́n dé. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti wà lójúde láti àárọ̀, nítorí ó gbọdọ̀ fojú ara rẹ̀ rí i kí ọdún rẹ̀ tó pé kan. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di fìlà mú, kò fẹ́ dá sí nǹkan kan.

Arúgbó ẹnu ọ̀nà gbójú sókè. Ó wo ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀. Kò sunkún, kò pariwo.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà pẹ́ o,” ló wí.

“Èmi ni mo pẹ́ ni? Ìwọ ni o ò lè sáré.”

“Ẹ̀yin lẹ gbé aṣọ mi wọ̀.”

“Ó ti gbó. Ẹ̀mejì ni mo wọ̀ ọ́, ó há mi láyà.”

Wọ́n ń jà lọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ wọn sì wà nínú ara wọn. Ìyá Onídìrí lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn fúngbà díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú rẹ̀. Nígbà tó yọjú padà, ìyá rẹ̀ ti rí ọkùnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ìdájọ́ kankan létí àwọn arúgbó náà.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ni ìyá wí, “ṣé o fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wà lóòró ni? Gbé àga wá.”

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti wọlé kó tó sọ ọ́ tán. Ó gbé àga jáde, ó fi fìlà rẹ̀ gbọn ojú àga náà, ó dì í mú kí arúgbó náà fi jókòó dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Ó gbọ́ràn,” ló wí. “Ọmọ ta ni?”

Ìyá Onídìrí yíjú sí ọkùnrin náà. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn.

“A ṣì ń wá a, màmá.”